Òpó Tí Wọ́n Là

"Ẹ jọ̀ọ́ ma, tí ẹ bá tún fọwọ́ kan òpó yẹn, ẹ kúkú wá mú ọmọ yín lọ síbi tí kò sí òpó."

Ìkìlọ̀ tí wọ́n ṣe fún mi nìyẹn ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé tó kọjá, ní géètì ilé ẹ̀kọ́ ọmọ mi ní apá Ẹ̀gbẹ́dá, lójú òbí mẹ́sàn-án. Mo kà wọ́n. Obìnrin tó ni ilé ẹ̀kọ́ náà, tí gbogbo wa ń pè ní Mádààmù, ló sọ ọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, bí ẹni tó ń bá ọmọdé ṣeré. Mo fẹ́ ṣàlàyé. Mo ní bàbá tó bí bàbá mi ló kọ́ mi ní ohun tí mo rí lára òpó náà. Ó dá mi lóhùn pé, "Bàbá yẹn ṣá ti kú, àbí? Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi jàre."

Àwọn òbí kan rẹ́rìn-ín. Mo mú Tòmíwá ọmọ mi lọ́wọ́, mo mú un padà sílé, mi ò sì lè tẹ máṣíìnì ìránṣọ mi títí di ọ̀sán. Inú ń bí mi lọ́jọ́ náà. Inú ṣì ń bí mi báyìí tí mò ń kọ ọ́. Mo fẹ́ kí Bàbá Àgbà sinmi. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi ìsinmi rẹ̀ pa mí lẹ́nu mọ́.

Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo rí, kí ẹ lè mọ ìdí ọ̀rọ̀. Òpó tó gbé pátákó orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà dúró ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìndínlógún. Páìpù ńlá ni, inú rẹ̀ ṣófo, ara irin rẹ̀ kò sì nípọn ju bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì lọ. Kò sí àléébù nínú ìyẹn. Páìpù tó ṣófo, tí ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, lè gbé ẹrù tó ya ènìyàn lẹ́nu, bó bá ṣáà ti jẹ́ odindi. Pátákó náà kò jókòó sórí òpó bíi fìlà. Ẹ̀gbẹ́ kan ló nà sí, bí àsíá, ó sì nà jáde sórí ibi tí àwọn ọmọ máa ń dúró sí de àwọn òbí wọn lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n ń dúró síbẹ̀ nítorí pé òjìji pátákó náà nìkan ni òjìji tó wà ní géètì.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi iná sára pátákó náà, oníṣẹ́ iná kò fẹ́ kí wáyà hàn níta. Ó fi ẹ̀rọ ìgérin la òpó láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ó ki wáyà bọ inú rẹ̀, ó fi pọ́tì tí àwọn tó ń kun mọ́tò ń lò dí ojú ibi tó là, ó sì kùn ún ní búlúù. Ó mọ́ lójú. Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn ni mo rí i pé pọ́tì náà ti sán. Mo fi téèpù tí mo fi ń wọn aṣọ wọ̀n ọ́n: ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti íńṣì mẹ́rin. Ó bẹ̀rẹ̀ lókè orúnkún mi, ó parí síbi tí ọwọ́ mi nà dé lókè orí.

Ẹni tí kò bá mọ Bàbá Àgbà lè sọ pé ilà lásán ni.

Bàbá Wẹ́dà ni Ìgàndó mọ̀ ọ́n sí. Àjàní ni oríkì rẹ̀. Kò ga, apá rẹ̀ gùn ju bó ṣe yẹ lọ, iná tó fi ń jó irin pọ̀ sì ti fi àpá kéékèèké sí i lọ́rùn bí ìgbà tí ènìyàn bá ta epo sí aṣọ. Kì í pariwo. Bí inú bá ń bí i, ṣe ni ohùn rẹ̀ máa ń rẹlẹ̀, a ó máa tẹ́ etí sí i. Ìgbà tí a kò bá gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́ ni ẹ̀rù máa ń bà wá gan-an. Ọjọ́ orí ló mú un lọ, lórí ibùsùn rẹ̀, nígbà òjò tó kọjá. Kò sẹ́ni tó lọ́wọ́ nínú ikú rẹ̀. Ohun tí mo ń bínú sí kọ́ nìyẹn.

Kò lè gba ẹ̀gbẹ́ òpó kọjá kó má kàn án. Yóò fi oríkèé ìka kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, yóò tẹ́ etí sí i, kó tó máa lọ. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè di ìdajì wákàtí pẹ̀lú rẹ̀. Ó ní odindi páìpù máa ń dún gbọn-in, ohùn rẹ̀ a sì pẹ́ kó tó kú. Èyí tí wọ́n ti là máa ń dún gbàgà. Lọ́jọ́ kan tí a jọ ń lọ ní Ìkọ̀tún, ó dúró ti òpó pátákó obìnrin onídìrí kan, ó ń kàn án. Obìnrin náà jáde pẹ̀lú ìyarun lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ kú ìrìn o. Kí lẹ sọnù sínú òpó wa?"

"Mi ò sọ nǹkan kan nù."

"Àbí wúrà lẹ fi pamọ́ síbẹ̀? Ẹ jẹ́ ká jọ pín in jàre!" Àwọn tó ń dirí nínú ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín.

Bàbá Àgbà tún un kàn. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Ta ló là á?"

"Wọn ò là á kẹ̀, Bàbá. Wọ́n kàn fi wáyà gba inú ẹ̀ ni."

"Mo ní, ta ló là á?"

"Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ó dúró ṣinṣin. Kò tíì wó, àbí ó wó?"

Bàbá Àgbà gbé ọwọ́ kúrò lára òpó náà, ó wo ojú rẹ̀. Ó ní, "Ìkòkò tó ti sán náà, ìyá mi, kò tíì fọ́."

Ohun tí mo mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí, inú agolo mílíìkì ni mo ti kọ́ ọ. Mo wà ní kíláàsì kẹrin nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tó fi lé oníbàárà kan lọ, ọkùnrin kan láti Bàrúwà tó bẹ̀ ẹ́ títí pé kó bá òun la òpó díẹ̀, kí wáyà lè wọlé. Ó mú agolo tí a ti mu mílíìkì inú rẹ̀, ó gé òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò, ó fi fáìlì ha etí rẹ̀ kó má baà gé mi lọ́wọ́, ó gbé e fún mi.

"Yí i."

Mo fún un, ó tẹ̀ wọlé. Ó gbà á, ó tẹ̀ ẹ́ padà sí roboto.

"Ta ló ní kí o fún un? Fi ọwọ́ kan mú òkè, fi ìkejì mú ìsàlẹ̀, kí o yí i bí ẹni ń yí aṣọ tó fọ̀."

Mo yí i títí ọwọ́ fi ń ta mí. Kò gbà. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi àlùmọ́gàjí tó fi ń gé páànù là á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì dá a padà fún mi. Nígbà tí mo yí i báyìí, ó yí bí ewé. Mo rí etí méjèèjì ibi tó là tí wọ́n ń yọ̀ kọjá ara wọn, ọ̀kan ń lọ sókè, ìkejì ń lọ sísàlẹ̀.

"Irin mélòó ni mo yọ kúrò lára ẹ̀?"

"Ẹ ò yọ ìkankan, Bàbá."

"Ṣé ó fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ?"

"Rárá."

"Kí ló wá dé?"

Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó ṣàlàyé fún mi bí ẹni tó ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Ó ní atẹ́gùn tó bá fẹ́ lu pátákó tó nà sí ẹ̀gbẹ́ kan kì í kàn ti òpó, ó máa ń yí i. Bó bá ń yí i, ṣe ló dà bíi pé gbogbo ara irin náà fẹ́ máa yọ̀ lórí ara rẹ̀, apá kan fẹ́ lọ sókè, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fẹ́ lọ sísàlẹ̀. Odindi páìpù kò gbà fún un, nítorí pé kò sí ibi tí yíyọ̀ náà ti lè bẹ̀rẹ̀. Agbára náà ń gba ara irin náà yípo, yípo, ó ń padà bá ara rẹ̀. Ó ní kí n rántí bí àwa ọmọdé ṣe máa ń di ọwọ́ ara wa mú yí ká ní ìta. Bí ẹnì kan bá fa ẹni kan nínú wa, ta ló ń fà?

"Gbogbo wa ni."

"Bí ẹnì kan bá wá tú ọwọ́ ńkọ́?"

Mo ní gbogbo wa la ó ṣubú. Ó mú agolo tó là náà, ó gbé e sí àárín èmi àti òun. Ó ní, "Wò ó dáadáa, Àníkẹ́. Irin kò dín. Ọwọ́ ló tú."

Mo ti ronú sí ọ̀rọ̀ yẹn ju ẹ̀kọ́ kankan tí wọ́n kọ́ mi ní ilé ẹ̀kọ́ girama lọ. Nígbà tí mo jáde tí mo sì lọ kọ́ṣẹ́ ìránṣọ, mo rò pé mo ti bọ́ lọ́wọ́ irin. Bàbá Àgbà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní ọ̀sẹ̀ tí mo ṣí i, ó mú apá ẹ̀wù kan tí mo ti rán, ó yí i. Ó mú èyí tí mi ò tíì rán ìhà rẹ̀ pọ̀, ó yí ìyẹn náà. Aṣọ kan náà ni, ìwọ̀n kan náà, ṣùgbọ́n èyí tí kò ní ojú ìrán ń ṣe jálájálá lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ yìn mí. Ó wo ojú ìrán mi títí dé òpin, ó rí ibi tí òwú mi ti fo bí íńṣì kan. Ó ní, "Íńṣì kan péré nìyí. Bí o bá lè jẹ́ kí èyí kọjá, kí lo máa rí tí o máa sọ̀rọ̀?"

Mo tú u, mo sì tún un rán. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wọn nǹkan lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá tèmi, tó jẹ́ ọmọ rẹ̀, kò fẹ́ràn àwọn nǹkan wọ̀nyí. Oníṣẹ́ ìjọba ni, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, ó fẹ́ kí a jẹ́ ènìyàn tí àdúgbò kì í gbọ́ ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Ìkọ̀tún, èyí tí mo fẹ́ sọ báyìí, ó bá Bàbá Àgbà nínú iyàrá, ó dọ̀bálẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, nítorí pé ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dójú tì wá mọ́. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé orí yín ti dà rú."

Bàbá Àgbà ń yọ ìdọ̀tí lábẹ́ èékánná. Ó ní, "Dìde, Délé. Tí orí mi bá dà rú, orí mi nìkan ni. Òpó kì í wó lé orí ẹnì kan ṣoṣo."

Ní Ìkọ̀tún, ìjọ aláṣọ funfun kan wà tí Bàbá Àgbà ṣe òpó fún. Odindi ló ṣe é, ó ga, ó gbé pátákó wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan bí wọ́n ṣe fẹ́, ó sì gbé wáyà iná gba ẹ̀yìn rẹ̀ nínú páìpù kékeré. Páìpù kékeré náà kò wù wọ́n. Nígbà tí ìkórè wọn ń bọ̀, wọ́n pe oníṣẹ́ iná mìíràn pé kó bá wọn ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ọ̀sán Sátidé, ìkórè ku ọ̀la, èmi àti Bàbá Àgbà ń ti ọjà bọ̀ níbi tó ti lọ ra nǹkan iṣẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, aṣọ ilé ẹ̀kọ́ mi ti Ọjọ́ Ẹtì ṣì wà lọ́rùn mi nítorí pé ìyá mi kò tíì fọ èyí tí mo fẹ́ wọ̀. Bàbá Àgbà kan òpó náà bó ti máa ń ṣe.

Gbàgà.

Ó tún un kàn. Ó fi èékánná ha ọ̀dà ara rẹ̀. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà bí ìjọ náà ṣe ń ṣe, ó wọlé, mo tẹ̀lé e. Àwọn àgbà ìjọ mẹ́ta ń to àga.

"Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Òpó yẹn ti là."

Aláàgbà kan, ọkùnrin sísanra tí ohùn rẹ̀ dùn, ní, "Bàbá Wẹ́dà wa! Ẹ fọkàn balẹ̀. A ti gbàdúrà sí òpó yẹn, a ti ta òróró sí i."

"Ẹ ṣeun. Òróró kì í jó irin pọ̀. Ẹ jẹ́ kí n jó o pọ̀."

"Lẹ́yìn ìkórè."

"Àwọn ọmọ yín ló máa dúró sábẹ́ ẹ̀ lọ́la, tí wọ́n máa kọrin."

"Ó dáa. Lẹ́yìn ìkórè, Bàbá." Ó sì padà sídìí àga tó ń tò.

Bàbá Àgbà wọ bàtà rẹ̀. Ó yá àkàbà lọ́wọ́ ọkùnrin kunlékunlé kan tó ń ṣiṣẹ́ ní òdìkejì òpópónà. Ó fi okùn so pátákó náà mọ́ orí òpó, ọkùnrin kunlékunlé di òpin okùn mú, Bàbá Àgbà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn bóòtù tó de pátákó mọ́ òpó pẹ̀lú sípánà nọ́ńbà mọ́kàndínlógún. Ó ń jù wọ́n sí mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tẹ́ síkẹ́ẹ̀tì mi, mo ń gbà wọ́n. Ó ń sọ pé, "Kà á." Mo ń kà á.

Àwọn ènìyàn jáde. "Ẹ wá wo bàbá tó ń bá Ọlọ́run jà!" "Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níbẹ̀!" "Bàbá, ṣé ẹ ti jẹun lónìí ṣá?" Obìnrin kan tó wọ sùtánà ń sunkún. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan di àkàbà mú, kì í sì í ṣe pé ó fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Bàbá Àgbà wò ó láti òkè, ó bá a sọ ohun kan tí mi ò gbọ́ nítorí pé ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀ jù. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà jáwọ́. Nígbà tí bóòtù kẹjọ bọ́ sí síkẹ́ẹ̀tì mi, wọ́n rọra sọ pátákó náà kalẹ̀, orúkọ ìjọ sì dojú bolẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀. Ariwo tó sọ lẹ́yìn ìyẹn, mi ò lè kọ ọ́.

Bí mo bá ń purọ́ ni, màá sọ fún yín pé ìjì jà ní ọ̀la rẹ̀, pé òpó náà wó sílẹ̀ lófìfo, pé gbogbo ìjọ wá dọ̀bálẹ̀. Ewé kan kò mì. Oòrùn ràn láti àárọ̀ dé alẹ́, àwọn ọmọ kọrin, wọ́n ṣe ìkórè wọn láìsí pátákó. Ní Ọjọ́ Ajé, Aláàgbà náà àti àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin wá sí ìdí iṣẹ́ Bàbá Àgbà.

"Bàbá Wẹ́dà, níbo ni ìjì yín wà?"

Àwọn ọ̀dọ́ náà rẹ́rìn-ín. Bàbá Àgbà pa iná tó fi ń jó irin, ó gbé awò dúdú rẹ̀ sókè orí. "Àníkẹ́, bóòtù mélòó?"

"Mẹ́jọ, Bàbá."

"Kó wọn fún wọn." Mo kó wọn fún wọn. Wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tó dá wọn lóhùn. Ó ní, "Ẹ dúpẹ́ pé kò wá."

Láti ọjọ́ náà, kò sí ọmọ ìjọ yẹn tó tún gbé iṣẹ́ wá fún un. Wọ́n gbé òpó tuntun fún wẹ́dà mìíràn. Nígbà tí Bàbá Àgbà kú, Aláàgbà yẹn kan náà, tó ti darúgbó, wá síbi ìsìnkú, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní, "Ọlọ́wọ́ ẹ̀bùn ni Bàbá Wẹ́dà, àfi pé alágídí ni wọ́n." Àwọn ènìyàn mi orí, wọ́n rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́. Mo jókòó síbẹ̀, mo di ẹnu mi. Ó yẹ kí n dìde. Ó yẹ kí n bi í pé mélòó nínú àwọn ọmọ tó kọrin lọ́jọ́ náà ló ti di ìyá àti bàbá ọmọ báyìí, àti pé ṣé ó mọ ohun tí òun ń pè ní agídí.

Ohun kan wà tí Aláàgbà kò mọ̀, tí èmi náà kò mọ̀ nígbà náà.

Bàbá Àgbà gbé irin kan kọ́ sókè ẹnu ọ̀nà ìdí iṣẹ́ rẹ̀. Páìpù tí kò gùn ju apá mi lọ ni, ó ti là, ó sì ti lọ́ bí okùn. Etí kan ibi tó là ga ju ìkejì lọ ní íńṣì kan. Àwọn oníbàárà rò pé oògùn ni, wọn kì í gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láìtẹ orí ba. Òun náà kò sọ fún wọn pé kì í ṣe oògùn. Nígbà tí mo lóyún Tòmíwá, ní ọjọ́ kejì Iléyá, ó ní kí n sin òun dé Àgbàdo. A lọ kí ìyá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Sìkírá. Ó jókòó sí ẹ̀bá ògiri, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sórí itan bí ẹni gbé ọmọ.

"Àjàní! O tún dé? Ṣé o wá wò ó bóyá mo ti kú?"

"Mo wá kí yín kú ọdún ni, Ìyá."

"Ọdọọdún ni. Ìyàwó mi," èmi ló ń bá sọ̀rọ̀, "sọ fún bàbá yìí pé mo ti dárí jì í láti ìgbà tí mo ṣì ní eyín!" Ó rẹ́rìn-ín, ó fún wa lẹ́ran. Nígbà tó fẹ́ na àwo sí mi, mo rí i pé ọwọ́ òsì náà kò lè ga ju ọmú rẹ̀ lọ.

Nígbà tí a jáde, Bàbá Àgbà mú mi rìn dé ibi tí ilé ti ń tán. Ó wá sọ ọ́. Nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira iṣẹ́, ó ṣe òpó fún oníṣọ́ọ̀bù kan ní Àgbàdo. Wọ́n ní kí wáyà má hàn. Òun fúnra rẹ̀ ló là á. Ìyá Sìkírá máa ń sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kì í ṣe ìjì ló mú un wálẹ̀, atẹ́gùn àárọ̀ lásán ni. Òpó náà lọ́, pátákó bọ́ lé èjìká obìnrin náà. Irin tó wà lókè ẹnu ọ̀nà, ibi tó ti lọ́ gan-an ló gé kúrò, tó gbé kọ́ síbi tí òun á ti máa rí i ní gbogbo àárọ̀.

Mo ní, "Ẹ ò mọ̀ nígbà náà, Bàbá."

Ó dúró. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ débi pé mo ní láti sún mọ́ ọn. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì ni òpó náà fi ń dún kó tó wó, òun sì ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. Òun sọ pé bí òjò bá dá, òun á lọ tún un ṣe. "Mo gbọ́ ọ, Àníkẹ́. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Mo gbọ́ ọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn láti Ọjọ́ Ajé. Nítorí pé èmi náà rí i. Mo sọ fún yín pé ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn ni mo rí ojú ibi tó sán. Mi ò sọ fún yín pé ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi dákẹ́. Wọ́n ti mú Tòmíwá pé òun ló máa kéwì ní ọjọ́ ayẹyẹ ìparí sáà, mi ò sì fẹ́ kí olùkọ́ rẹ̀ fi ojú ìyá oníwàhálà wò ó. Ọjọ́ mẹ́sàn-án, ìyá tó mọ̀, tí wọ́n fi agolo kọ́ láti kékeré. Lẹ́yìn náà ni mo sọ fún olùkọ́, ó ní kí n sọ fún ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì ní kí n sọ fún Mádààmù. Mádààmù ní oníṣẹ́ iná òun ti sọ pé kò séwu, àti pé òpó ti wà níbẹ̀ fún ọdún kan tí kò wó.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìkìlọ̀ náà, atẹ́gùn fẹ́ díẹ̀. Mo dúró sójú kan, mo fi etí pátákó náà ṣe déédéé igun fèrèsé ilé tó wà lódìkejì. Mo rí i tó kúrò lójú igun náà tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi, tó sì padà. Mo sún mọ́ òpó, mo wo ibi tó là. Etí kan gòkè ju ìkejì lọ, ó padà sísàlẹ̀, ó tún gòkè. Kò ju ìbú abẹ́rẹ́ ìránṣọ lọ. Bí agolo ọjọ́sí ṣe ṣe lọ́wọ́ mi gan-an nìyẹn. Nígbà tí mo tún lọ fọwọ́ kàn án, ní Ọjọ́ Ajé, ni Mádààmù bá mi níbẹ̀.

Tòmíwá wà nílé láti ọjọ́ náà. Mo ti pinnu pé kò ní padà títí pátákó yẹn yóò fi wálẹ̀, ọkàn mi sì balẹ̀ fún bíi wákàtí mélòó kan. Lánàá, ó jókòó sídìí máṣíìnì mi, ó ń to bọ́tìnnì. Ó bi mí pé, "Màmá, Fèyí ńkọ́?" Fèyí ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ tí ìyá rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó dé, tó máa ń dúró lábẹ́ òjìji yẹn títí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò fi lọ tán. "Ta ló máa sọ fún Fèyí pé kó má dúró síbẹ̀?"

Bàbá Àgbà kò ní ọmọ kankan nínú ìjọ Ìkọ̀tún. Mi ò ronú sí ìyẹn rí àfi àná.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi nìyí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, níbikíbi tí ẹ bá wà, ẹ kan òpó tí ọmọ yín ń dúró tì. Bí ilà bá wà lára rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, bó ti wù kí ọ̀dà rẹ̀ dán tó, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró lábẹ́ rẹ̀ mọ́ títí wẹ́dà tó mọṣẹ́ yóò fi wò ó. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń gba géètì wa ní Ẹ̀gbẹ́dá jáde, ẹ mọ ara yín. Bí Mádààmù bá sọ pátákó náà kalẹ̀ kó tó di Ọjọ́ Ẹtì, màá kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Bí kò bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, màá wà níbẹ̀ ní aago méjìlá ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì, kí wọ́n tó tú àwọn ọmọ sílẹ̀. Mo ti dúró nísàlẹ̀ ka bóòtù tó dì í mú. Mẹ́fà péré ni, wọn kò tilẹ̀ lo mẹ́jọ. Ẹ̀gbọ́n kan tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá Àgbà ti gbà láti gùn ún. Sípánà nọ́ńbà mọ́kàndínlógún wà lọ́wọ́ mi. Àkàbà ni a kò ní. Ẹni tó bá ní, kó jọ̀ọ́, kó gbé e wá.